Ìlédìí Aláṣọ fún Ọmọ tó ti ń Rìn: Bí A Ṣe Lè Yàn Án Pẹ̀lú Owó Díẹ̀

Kí ìlédìí àlòsọnù tó gba ọjà ní ilẹ̀ wa, aṣọ ni àwọn ìyá wa fi ń di ìdí ọmọ. Ìró òwú tó ti gbó ni wọ́n ń ya, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń sá sí oòrùn, tí wọ́n sì tún ń lò. Nígbà tó yá, nápìn funfun, píìnì àti pátá onírọ́bà di ara ẹrù tí aláboyún ń kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1961 ni ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble gbé Pampers jáde. Orúkọ yìí ló sì di èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pe gbogbo ìlédìí àlòsọnù, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é.

Láti ọdún 2023 tí iye náírà ti já wálẹ̀ gidigidi, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti padà ń ronú sí ìlédìí aláṣọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Procter & Gamble kéde pé àwọn kò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé ńṣe ni àwọn yóò máa kó o wọlé. Ní ọdún 2024, Kimberly-Clark tó ń ṣe Huggies náà kéde pé àwọn ń kógbá wọlé, bẹ́ẹ̀ ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá sí Ìkòròdú. Ọjà tí a fi dọ́là rà wọlé kì í rọrùn fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà.

Àwọn òbí ń béèrè èyí tí wọn yóò rà nínú oríṣiríṣi ìlédìí aláṣọ tó wà lọ́jà. Ìdáhùn wa kò ju èyí lọ: kì í ṣe èyí tó rẹwà jù ló ń dín ìnáwó kù, bí kò ṣe èyí tí a lè fọ̀ mọ́, tó ń tètè gbẹ, tí iye rẹ̀ sì bá oṣù tó kù kí ọmọ kúrò nínú ìlédìí mu.

Ọmọ tó ti ń rìn kì í ṣe ọmọ jòjòló

Ọmọ jòjòló a máa tọ̀ lemọ́lemọ́, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Ọmọ tó ti lé ní ọdún kan kì í tọ̀ léraléra bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá tọ̀, ìtọ̀ náà a máa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nápìn fẹ́ẹ́rẹ́ tó tó ọmọ oṣù méjì kò lè gbà á.

Èkejì, ọmọ yìí ti ń jẹ oúnjẹ àgbà. Ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ti ń dì, ó sì rọrùn láti gbọ̀n ọ́n dànù sínú ilé ìyàgbẹ́ kí a tó fọ aṣọ náà.

Ẹ̀kẹta, kì í jókòó sójú kan. Ìlédìí tó bá nípọn jù láàárín itan yóò dí i lọ́wọ́ ìrìn. Èyí tí a kò bá sì dè dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tú u, tí yóò sì sọ ọ́ nù sí ẹ̀yìn àga.

Ẹ̀kẹrin ló kan àpò òbí jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń kọ́ ìlò póò láàárín oṣù 18 sí ọdún 3. Ẹni tó ń ra ìlédìí fún ọmọ ọdún kan ààbọ̀ lè má ní ju oṣù 12 lọ tí yóò fi lò ó. Bó bá ra ìlédìí olówó gọbọi 24 fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó lè má rí èrè rẹ̀ jẹ, àfi bí àbúrò bá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Oríṣi ìlédìí aláṣọ tó wà

1. Nápìn onígun mẹ́rin. Aṣọ òwú tàbí aṣọ tówẹ́ẹ̀lì ni, tí a ń ṣẹ́ po nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Òun ló dínwó jù. Nítorí pé a ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí kì í rí ibi fara pamọ́ sí, ó sì ń tètè gbẹ. Bí ọmọ ti ń dàgbà, ọ̀nà tí a ń gbà ṣẹ́ ẹ ni a ó yí padà. A kò ní ra òmíràn. Ó gba pátá onírọ́bà lórí.

2. Nápìn tí a ti ṣẹ́ tí a sì rán. Àárín rẹ̀ nípọn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ gba wàhálà nígbà tí a bá ń dè é, ṣùgbọ́n ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ kó tó gbẹ. Òun náà gba pátá onírọ́bà lórí.

3. Ìlédìí alápò. Òde rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí omi kì í gbà kọjá, inú rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ múlọ́múlọ́. Àyè wà láàárín méjèèjì tí a ń ki aṣọ amomi bọ̀. Ó ní bọ́tìnì alátẹ̀ tí a fi ń sọ ọ́ di kékeré tàbí ńlá. Ó wọ́n ju nápìn lọ, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún ẹni tó ń bá wa tọ́ ọmọ. Bí wọ́n bá sọ pé ó gba gbogbo ọmọ láti ìgbà ìbí títí dé kìlógíráàmù 15, ẹ kọ́kọ́ wọn itan àti ìbàdí ọmọ yín, kí ẹ sì fi wé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Itan ọmọ tó sanra lè kún un kó tó pé ọdún méjì.

4. Ìlédìí tí a rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. A ń wọ̀ ọ́ fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí a ti ń wọ Pampers. Òun ló rọrùn jù láti wọ̀, òun náà ló sì sábà máa ń wọ́n jù. Nítorí pé aṣọ amomi inú rẹ̀ kò ṣeé yọ, kì í tètè gbẹ. Ní ìgbà òjò, ó lè wà lórí okùn títí di ọjọ́ kejì.

5. Pátá fún ọmọ tó ń kọ́ ìlò póò. Pátá òwú ni, tí a rán ìpele aṣọ mélòó kan sí àárín rẹ̀. Ọmọ lè fà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò lè gba gbogbo ìtọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òun ti tọ̀. Bí ọmọ yín bá ti ń wà ní gbígbẹ fún wákàtí méjì, tó sì ń sọ tàbí fi ara hàn pé òun fẹ́ yàgbẹ́, irú pátá yìí ni kí ẹ náwó lé, ẹ má ra ìlédìí mìíràn mọ́.

Ní ti pátá onírọ́bà, ti àtijọ́ tó jẹ́ rọ́bà lásán ń mú ooru, kì í sì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ìdí ọmọ. Èyí tó dára jù ni èyí tó jẹ́ aṣọ lóde, tí a fi rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ inú rẹ̀. Mẹ́rin tó fún ọmọ kan. Bí ìtọ̀ nìkan bá wà nínú nápìn, a lè nu pátá náà, kí a sá a sí afẹ́fẹ́, kí a sì tún un lò lọ́jọ́ kan náà. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá kàn án, kí a fọ̀ ọ́. Ẹ wo etí itan rẹ̀ dáadáa: kò yẹ kó dẹ̀ tí ìtọ̀ yóò fi jò, kò sì yẹ kó fún débi pé yóò ha ọmọ lára.

Aṣọ wo ló ń mu omi?

Ẹ kán omi díẹ̀ sórí aṣọ tí ẹ fẹ́ rà. Bí ó bá jẹ́ òwú tí a ti fọ̀ dáadáa, yóò fa omi náà mu lójú ẹsẹ̀. Bí omi náà bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí aṣọ, pọ́lísítà lè pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú tuntun pàápàá kì í mu omi dáadáa lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí ẹ tó lò ó.

Aṣọ tí a fi igi ọparun ṣe ń gba omi púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ. Aṣọ amomi onípọ́lísítà tó wọ́pọ̀ nínú ìlédìí alápò ń tètè fa omi, àmọ́ bí ọmọ bá jókòó lé e, omi lè fún jáde. Ẹ má jẹ́ kó kan ara ọmọ tààrà, nítorí ó ń fa ọ̀rinrin ara ọmọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ilé rẹ̀. Ìró òwú tó ti gbó, aṣọ ìtẹ́bùsùn àti tówẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ń mu omi ju aṣọ tuntun lọ. Ẹ gé e ní igun mẹ́rin, kí aránṣọ sì dí etí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ tuntun ní Gbági n'Ìbàdàn tàbí ní Balógun l'Ékòó, òwú funfun ni kí ẹ béèrè. Ínǹṣì 27 lọ́tùn-ún lósì tó fún ọmọ kékeré. Fún ọmọ tó ti ń rìn, ọ̀pá kan lọ́tùn-ún lósì dára jù, nítorí òwú a máa sún kì bí a bá fọ̀ ọ́. Aṣọ aláró tó ṣì ń ṣí kò yẹ fún ìdí ọmọ.

Mélòó ló tó?

Ẹ ka ọjọ́ tí ẹ lè máa fọṣọ kí ẹ tó ka nápìn. Ọmọ tó ti ń rìn sábà máa ń lo bí 5 tàbí 6 láàárín ọ̀sán àti òru. Bí ẹ bá lè fọ̀ lójoojúmọ́, 12 tó: 6 wà lára ọmọ lónìí, 6 wà lórí okùn. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ méjì méjì ni omi ń dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní 18. Ní ìgbà òjò, ẹ fi 4 tàbí 6 kún un. Ẹ tún ní aṣọ amomi 3 tí ẹ ó máa fi sí àárín nápìn ní alẹ́.

Ìṣirò owó

Àwọn iye tí a fẹ́ lò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán. Ẹ fi iye ọjà àdúgbò yín rọ́pò wọn. Ká ní ìlédìí àlòsọnù kan jẹ́ ₦200, tí ọmọ sì ń lo 5 lójúmọ́. ₦1,000 ni ìnáwó ọjọ́ kan. Ká ní nápìn àti pátá onírọ́bà gba ₦40,000, tí ọṣẹ àti omi ń gba ₦200 lójúmọ́. ₦800 ni ẹ ń rí fi pamọ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ 50 sì ni nápìn náà yóò fi san owó ara rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra ìlédìí alápò tó gba ₦160,000, ó di ọjọ́ 200, èyí tó lé ní oṣù mẹ́fà ààbọ̀. Bí ọmọ náà bá kúrò nínú ìlédìí lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ẹ ti pàdánù. Ẹ fi iye owó ìlédìí náà pín sí iye tí ẹ ń rí fi pamọ́ lójúmọ́, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ọmọ yín yóò ṣì máa lo ìlédìí títí di ìgbà náà.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò yìí kò kà: agbára ẹni tó ń fọṣọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá tó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ nìkan ni yóò máa pọn omi, tí yóò máa fọ̀, tí yóò sì máa sá, owó tí ilé fi pamọ́ ti di ẹrù lórí ẹnì kan. Ẹ̀yin bàbá, nápìn fífọ̀ kò ní àkọ tàbí abo. Kò sì pọn dandan kí a lo aṣọ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń lo aṣọ nínú ilé, wọ́n sì ń fi Pampers sílẹ̀ fún ìrìn àjò àti ọjọ́ Ìsinmi. Èyí náà dín ìnáwó kù gidigidi.

Fífọ̀ àti sísá

Ẹ gbọn ìgbọ̀nsẹ̀ dànù sínú ilé ìyàgbẹ́. Ẹ má gbọ̀n ọ́n sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan gbà pé ìgbẹ́ ọmọdé kò ní ìpalára, ṣùgbọ́n ó ń gbé àrùn bíi ti àgbàlagbà. Ẹ fi omi tútù ṣan nápìn náà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ tó tó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣàn án títí hóró ọṣẹ kò fi ní sí nínú omi mọ́. Ọṣẹ tó bá kù lára aṣọ lè mú kí ìdí ọmọ pọ́n, kì í sì í jẹ́ kí aṣọ mu omi. Ẹ má fi ohun olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Òun náà ń dí aṣọ lọ́wọ́ láti mu omi. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ àbàwọ́n rẹ̀; nápìn tó tutù tí a sá sí oòrùn gan-an a máa funfun padà.

Bí ẹ bá rẹ nápìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ bò ó pa, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. Ọmọ tó ti ń rìn lè dorí kodò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi díẹ̀ sì tó láti pa á.

Ẹ sá nápìn sórí okùn, ẹ má sá a sórí koríko tàbí sílẹ̀. Eṣinṣin kan wà ní Áfíríkà tó máa ń yé ẹyin sára ilẹ̀ àti sára aṣọ tútù. Ìdin tó bá jáde nínú ẹyin náà a máa wọ inú awọ ara, a sì máa wú bí eéwo. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń lọ aṣọ ọmọ ní tojú-tẹ̀yìn. Ẹ máa lọ nápìn òwú bẹ́ẹ̀. Pátá onírọ́bà kò ṣeé lọ̀, nítorí náà ẹ sá a sókè síbi tí oòrùn ti mú dáadáa, tàbí sínú ilé.

Ewu káńfọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ kí gbogbo ìdílé fi sọ́kàn jù. Bí ẹ bá kó nápìn pamọ́, tàbí tí ẹnì kan bá fún yín ní ti ọmọ rẹ̀, ẹ má fi káńfọ̀ roboto tí a fi ń lé aáyán sí àárín rẹ̀. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ naphthalene ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa, pàápàá ọmọkùnrin, ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí káńfọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í túká, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n bí òróró pupa. Nínú ọmọ tuntun, ibà pọ́njú yìí lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé, ó sì lè pa ọmọ. Nápìn tí ẹ kó pamọ́ lónìí ni àbúrò yóò lò lọ́la. Inú ọ̀rá tí a dì dáadáa tàbí àpótí oníke tó ní ìdérí tó fún un láìsí káńfọ̀. Aṣọ tó bá ti ń rùn káńfọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ fún ọmọ.

Bí ìdí ọmọ bá pọ́n

Ìlédìí aláṣọ kì í fa omi pamọ́ kúrò lára bíi ti àlòsọnù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní kété tó bá ti tutù, ẹ má sì jẹ́ kí ó ju bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ lọ́sàn-án láìwò ó. Ẹ jẹ́ kí ìdí ọmọ gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹ bá fi fáselínì tàbí oògùn ìpara sí i, ẹ tẹ́ àkísà òwú mímọ́ sórí nápìn, nítorí ọ̀rá rẹ̀ ń dí aṣọ. Bí pípọ́n náà kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tó ní egbò, tàbí tí ara ọmọ gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti píìnì, ẹ fi ìka yín sí àárín píìnì àti ara ọmọ nígbà tí ẹ bá ń gún un, kí ẹ sì wá èyí tó ní ìdérí tó ń há. Ọmọ tó ti lè tú nǹkan yóò tú píìnì pẹ̀lú. Fún irú rẹ̀, pátá onírọ́bà oníbọ́tìnì tí a ṣẹ́ nápìn tẹ́ sínú rẹ̀ láìgún un ló dára jù.

Fún àwọn ará wa ní òkè òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí tí Environment Agency gbé jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé ọ̀nà tí a ń gbà fọ nápìn ló ń pinnu bí yóò ṣe ran àyíká lọ́wọ́ tó. Bí a bá ń sá a sórí okùn dípò kí a fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, tí a ń fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá kún, tí a sì ń lò ó fún ọmọ kejì, ìpalára rẹ̀ ń dín kù gan-an. Ohun kan náà ló ń dín owó iná kù. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan níbẹ̀ tún máa ń fi owó ran àwọn òbí lọ́wọ́ láti ra nápìn aláṣọ. Ẹ béèrè ní àdúgbò yín kí ẹ tó ná tiyín.

Ohun tí ìjọ lè ṣe

Nígbà ìkómọjáde, aṣọ aláràbarà ni a sábà ń fún ọmọ, tí kò ní lò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Nápìn òwú 12 àti pátá onírọ́bà 4 yóò wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá lè gba nápìn tó ṣì dára lọ́wọ́ ìdílé tí ọmọ wọn ti kúrò nínú ìlédìí, kí wọ́n se é nínú omi híhó bó bá jẹ́ òwú, kí wọ́n sì fún ẹni tó nílò rẹ̀ láìpariwo. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé nígbà ìsìn mọ bí a ti ń pààrọ̀ ìlédìí aláṣọ, kí omi àti ọṣẹ ìfọwọ́ wà níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí òbí kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rá tí yóò fi kó èyí tó tutù lọ sílé. Ìyá tó wọ nápìn fún ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìsìn kò yẹ kó máa tijú láàárín àwọn ará.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ra púpọ̀. Ẹ ya ìró òwú kan sí nápìn mẹ́fà, ẹ ra pátá onírọ́bà méjì, kí ẹ sì dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn yóò fi hàn yín iye tí omi, oòrùn àti ọwọ́ ilé yín lè gbé, ẹ ó sì mọ èyí tó kù láti rà.